Ọ̀tún àti Òsì Nínú Oògùn: Praziquantel, Arpraziquantel àti Ọmọ Tí Ọ̀pá Ìwọ̀n Kò Kàn

Praziquantel ni oògùn tí gbogbo ayé fi ń wo àrùn schistosomiasis, èyí tí àwọn kan mọ̀ sí bilharzia, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn sì ń pè ní àtọ̀sí ajá. Hóró oògùn náà kan a máa ní míligíráàmù 600 nínú. Nínú 600 yìí, 300 péré ni ó ń bá aràn tí ó fa àrùn náà jà. 300 yòókù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan fún aláìsàn, àfi pé ó mú kí hóró náà tóbi, ó sì mú kí ó korò ju bí ó ti yẹ lọ.

Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ tí ó pèsè oògùn náà lu jìbìtì, oògùn náà kì í sì í ṣe ayédèrú. Bí a ti ń pèsè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé yìí ṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, bí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe ya ìdajì tí ó wúlò sọ́tọ̀, àti ohun tí èyí jẹ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera tí ó ń fún ọmọdé ní oògùn àti fún òbí tí ó gbé ọmọ náà wá.

Àrùn náà, àti ọmọ tí ó ṣẹ́kù sẹ́yìn

Aràn tín-ín-rín ni ó ń fa àrùn yìí. Ẹyin rẹ̀ a máa bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹni tí ó ní àrùn náà jáde. Bí ó bá dé inú odò tàbí adágún, ẹyin náà á pa, ọmọ inú rẹ̀ á wọ ara ìṣáwùrú inú omi, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì tún padà jáde sínú omi. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gba awọ ara wọ inú ẹni tí ó bá wẹ̀, tí ó fọ aṣọ, tí ó pẹja, tàbí tí ó kàn fi ẹsẹ̀ la omi náà kọjá. Nínú ara, aràn náà a máa gbé inú òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ tàbí ìfun ká. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni àmì tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lọ. Ní àwọn ibì kan, wọ́n tilẹ̀ máa ń kà á sí àmì pé ọmọkùnrin ń bàlágà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ jẹ́, ó lè yọrí sí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ó lè ṣe obìnrin léṣe lójú ara, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọdé gbẹ, kí ìdàgbà rẹ̀ sì falẹ̀.

Àwọn tí ó nílò ìtọ́jú ìdènà àrùn yìí lágbàáyé ju mílíọ̀nù 250 lọ, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ń gbé. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹrù náà wúwo lé lórí jù lọ. Adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a ṣí ìdídò rẹ̀ ní 1983 kí omi lè dé Èkó àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn ibi tí àwọn olùwádìí ti ń kọ̀wé nípa àrùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún: omi tí ó ń ṣe ará ìlú ńlá láǹfààní ni ìṣáwùrú náà ń gbé, àwọn abúlé etí adágún ni ó sì ń jìyà rẹ̀.

Ìwọ̀n praziquantel tí a ń lò nínú ìpolongo ni míligíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ènìyàn. Ní ilé ìwé àti ní abúlé, òṣùwọ̀n kì í sábà sí, nítorí náà ọ̀pá tí a fa àmì sí ni a fi ń wọn gíga ọmọ. Ọmọ tí gíga rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 94 sí 110 á gba hóró kan. 110 sí 125, hóró kan àti ààbọ̀. 125 sí 138, hóró méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé hóró márùn-ún fún ẹni tí ó bá ga ju 178 lọ. Ṣùgbọ́n 94 ni ọ̀pá náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ ń gbé dání lọ sí etí odò, tí ó ń wẹ̀ ẹ́ nínú omi kan náà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́, kò ní àmì lára ọ̀pá náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùwádìí ṣe ọ̀pá tí ó ní àmì ààbọ̀ hóró àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin hóró fún àwọn kéékèèké wọ̀nyí. Síbẹ̀, hóró ńlá tí ó korò ni a ṣì ní láti gé, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì pò ó mọ́ nǹkan dídùn kí ọmọ tó lè gbé e mì. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ bí ó ti máa ń parí: ọmọ á pọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ó wọ inú rẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní ọ̀tún àti òsì

Bí ènìyàn bá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú dígí, ọwọ́ òsì ni yóò rí nínú dígí náà. Ìka márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, àtàǹpàkò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìka ìlábẹ̀ nínú méjèèjì. Síbẹ̀, bí a bá gbé ọ̀kan lé orí èkejì, tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sì kọjú sí ilẹ̀, àtàǹpàkò wọn yóò kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí bí a ṣe lè yí ọ̀kan tí yóò fi di èkejì. Ìdí nìyí tí bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún fi ń ni ẹsẹ̀ òsì lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n.

Mólékù, ìyẹn ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ohun kan tí ó ṣì jẹ́ ohun náà, lè rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kábọ́ọ̀nù, tí ó jẹ́ òpó ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn, a máa di ohun mẹ́rin mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yàtọ̀ síra wọn, ọ̀nà méjì ni a lè gbà tò wọ́n yí kábọ́ọ̀nù náà ká, ọ̀nà méjèèjì yóò sì jọ ara wọn bí ọwọ́ ọ̀tún ti jọ òsì nínú dígí. Chiral ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pe irú mólékù bẹ́ẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọwọ́. Nínú praziquantel, kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni ó wà ní ipò yìí. Ọ̀kan náà tó láti sọ oògùn kan di méjì.

Louis Pasteur ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀tún àti òsì yìí gbangba. Ní 1848, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25 ní ìlú Paris, ó ń yẹ iyọ̀ kan wò tí a ṣe láti ara ásíìdì tí a máa ń rí nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáìnì. Ó ṣàkíyèsí pé oríṣi hóró iyọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀, tí igun ọ̀kan dagun sí apá ibì kan, tí ti èkejì sì dagun sí apá kejì. Ó fi ẹ̀mú kékeré ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó po ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ omi, tí ó sì tan ìmọ́lẹ̀ tí ó wà ní ojú kan ṣoṣo la inú omi náà kọjá, ọ̀kan yí ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún, èkejì yí i sí òsì. Láti ibẹ̀ ni a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dà ọ̀tún àti ẹ̀dà òsì.

Ara ènìyàn kò ka ẹ̀dà méjèèjì sí ọ̀kan. Àwọn èròjà amínò tí ara fi ń mọ purotéènì ní ìtò òsì, àyàfi ọ̀kan tí kò ní ọ̀tún òun òsì rárá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń yí ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún, ibẹ̀ sì ni dextrose tí a ń fà sí aláìsàn lára ti gba orúkọ rẹ̀, nítorí pé dexter ni ọ̀tún ní èdè Látìnì. Ọlọ́wọ́ kan ni ilé tí oògùn ń wọ̀. Ibi tí oògùn yóò ti ṣiṣẹ́ nínú ara aràn tàbí nínú ara ènìyàn dà bí bàtà tí a ti rán fún ẹsẹ̀ kan: ẹ̀dà kan á wọ̀ ọ́ rẹ́gí, èkejì lè má wọ̀ ọ́ rárá, ó sì lè lọ wọ ibòmíràn tí a kò rán an sí.

Yorùbá sọ pé ọ̀tún ni ó ń wẹ òsì, tí òsì sì ń wẹ ọ̀tún. Nínú hóró praziquantel, òsì nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń pa aràn náà. Ẹ̀dà ọ̀tún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, òun sì ni ìwádìí fi hàn pé ó korò jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó wọn kílò 60 á gbé hóró mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ hóró méjì péré ni yóò sì rí gbà nínú wọn.

Bí ìdajì-ìdajì ṣe ń wáyé, àti bí a ṣe ń yà wọ́n

Nínú ìkòkò kẹ́mísírì, kò sí ohun tí ó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àyàfi bí a bá fi ohun tí ó mọ̀ ọ́n sí i. Nígbà tí a bá ń pèsè praziquantel, iṣẹ́ náà á dé ibì kan tí kábọ́ọ̀nù tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ohun kẹrin kò sì tíì so mọ́ ọn. Ohun tí yóò so mọ́ ọn lè gba òkè wá, ó sì lè gba ìsàlẹ̀ wá. Bí ó bá gba ibì kan, ọ̀tún ni yóò jẹ́. Bí ó bá gba ibì kejì, òsì ni. Ọ̀nà méjèèjì rọrùn bákan náà, nítorí náà, láàárín àìmọye mólékù, ìdajì á lọ síhìn-ín, ìdajì á lọ sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí a bá ń sọ ẹyọ owó sókè láìdáwọ́ dúró.

Kò sì rọrùn láti yà wọ́n lẹ́yìn náà. Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ìwọ̀n ooru kan náà ni wọ́n fi ń yọ́, bí ọ̀kan ṣe ń tú nínú omi ni èkejì ń ṣe. Kò sí kọ̀nkọ̀sọ̀ tí ó lè sẹ́ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ọ̀nà kan láti bọ́ nínú wàhálà yìí ni kí a gba ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ ewéko, nítorí ewéko kì í ṣi ọwọ́ mú. Artemisinin, tí Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nínú ewé Artemisia annua ní Ṣáínà ní àwọn ọdún 1970, ní kábọ́ọ̀nù méje tí ó ní ọ̀tún òun òsì, ewé náà sì máa ń to méjèèje sí ibi tí ó yẹ láìyẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń ṣe artemether tí ó wà nínú oògùn ibà. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé lumefantrine, tí ó wà pẹ̀lú artemether nínú hóró kan náà, àdàpọ̀ ìdajì-ìdajì ni, ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì sì ń bá kòkòrò ibà jà bákan náà. Kì í ṣe gbogbo àdàpọ̀ ni ó ní àbùkù.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi ohun ọlọ́wọ́ kan darí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. William Knowles ṣe èyí ní ilé iṣẹ́ Monsanto ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ọ̀nà rẹ̀ pèsè levodopa tí a fi ń tọ́jú àrùn Parkinson, èyí tí í máa mú ara gbọ̀n, tí í sì máa mú kí ìṣísẹ̀ falẹ̀. Ó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2001 pẹ̀lú Ryoji Noyori àti Barry Sharpless. Ohun tí ń darí iṣẹ́ náà kì í tán bọ̀rọ̀: ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lè darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mólékù sí apá kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kẹta ni ó dàgbà jù, ọwọ́ Pasteur fúnra rẹ̀ ni ó sì ti wá. A ó mú àdàpọ̀ náà, a ó sì fi ohun mìíràn tí ó jẹ́ ọlọ́wọ́ kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá fi ọ̀tún bọ ọ̀tún, ọwọ́ méjèèjì á wọ inú ara wọn dáadáa. Bí ó bá fi ọ̀tún bọ òsì, kò ní dì mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, àwọn tí wọ́n dọ́gba tẹ́lẹ̀ kò dọ́gba mọ́. Tọkọtaya kan á dì, á sì silẹ̀ bí iyọ̀. Tọkọtaya kejì á ṣẹ́kù sínú omi. A ó sẹ́ ẹ, a ó sì tú ohun tí a fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kúrò.

Iṣẹ́ tí a ṣe ní gbangba

Ó pẹ́ tí a ti mọ̀ pé òsì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú praziquantel. Ohun tí ó dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ni owó. Oògùn tí a ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ni praziquantel. Ilé iṣẹ́ Merck ti ilẹ̀ Jámánì ti ń fi í tọrẹ nípasẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2007, iye rẹ̀ sì ti lè tó mílíọ̀nù 250 hóró lọ́dún. Bí yíyà rẹ̀ bá mú kí ó wọ́n gan-an, ọmọ tí a torí rẹ̀ yà á ni kò ní rí i lò.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà, tí Matthew Todd darí wọn, pinnu láti wá ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì ṣe é lójú gbogbo ayé. Wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn ojoojúmọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó yọrí sí rere àti èyí tí ó kùnà, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì dá sí i. Èyí kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ oògùn, níbi tí olúkúlùkù ti máa ń fi àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dáhùn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kẹ́mísírì, ìmọ̀ràn wọn sì tọ́ka sí ọ̀nà kẹta, ọ̀nà àtijọ́.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Praziquantel fúnra rẹ̀ kò lè bá ásíìdì bọ ọwọ́, nítorí kò ní apá tí ásíìdì lè dì mú. Wọ́n bọ́ ẹ̀ka kan kúrò lára rẹ̀, ó di ohun tí a ń pè ní praziquanamine, èyí tí ásíìdì lè dì mú. Wọ́n fi ọmọ ìyá ásíìdì wáìnì tí Pasteur lò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀dà tí ó wúlò dì, ó silẹ̀. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì so ẹ̀ka tí wọ́n bọ́ padà mọ́ ọn. Ẹ̀dà tí ó ṣẹ́kù sínú omi kò di ìdọ̀tí: a lè ba ìtò rẹ̀ jẹ́, kí a tún un tò, kí ó sì padà di ìdajì-ìdajì tí a ó tún yà. Ní 2011 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde.

Arpraziquantel fún ọmọdé

Oògùn tí ó jẹ́ ẹ̀dà òsì nìkan ni a ń pè ní arpraziquantel. Orúkọ náà lè rú ènìyàn lójú. Ìlànà méjì ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ irú mólékù bẹ́ẹ̀ lórúkọ: ọ̀kan ń wo apá ibi tí ó ń yí ìmọ́lẹ̀ sí, èkejì ń wo bí a ti to ohun mẹ́rin yí kábọ́ọ̀nù ká, ó sì ń lo lẹ́tà R àti S. Ẹ̀dà tí ó wúlò nínú praziquantel ń yí ìmọ́lẹ̀ sí òsì, R sì ni lẹ́tà rẹ̀ nínú ìlànà kejì. Láti ara R náà ni «ar» ti wá.

Ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe kan tí a dá sílẹ̀ nítorí praziquantel àwọn ọmọdé ni ó ṣe é. Lára àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni Merck, Astellas ti ilẹ̀ Japan, àti Farmanguinhos, ilé iṣẹ́ oògùn ìjọba ní Brazil. Míligíráàmù 150 ni ó wà nínú hóró kan, hóró náà sì máa ń tú fúnra rẹ̀ nínú omi díẹ̀, kò sì korò tó ti àtijọ́. Kenya àti Côte d'Ivoire ni a ti dán an wò lára àwọn ọmọ oṣù mẹ́ta sí ọdún mẹ́fà. Àjọ tí ń mójútó oògùn ní Yúróòpù fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi í sínú àwọn oògùn tí ó ti yẹ̀ wò, tí ó sì rí pé ó péye, ní oṣù Karùn-ún 2024. A fojú bù ú pé àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ, tí wọ́n sì nílò irú oògùn yìí, lè tó mílíọ̀nù 50.

Ibi kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera dúró lé lórí. Ẹni tí ó bá ka ìwé yìí dé ìhín lè ṣírò pé: bí praziquantel bá jẹ́ 40 fún kílò kan, tí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ òfo, a jẹ́ pé 20 ni ti arpraziquantel. Ìṣirò náà dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n ara kò tẹ̀lé e. Nínú ìwádìí tí ó kẹ́yìn kí a tó fọwọ́ sí oògùn náà, 50 fún kílò kan ni a lò fún oríṣi aràn tí ń gbé ìfun, 60 sì ni a lò fún èyí tí ń gbé àpò ìtọ̀. Kíákíá ni ẹ̀dọ̀ máa ń fọ́ praziquantel. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí hóró tuntun náà, ẹ̀dà òsì tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré sí èyí tí ó ń wá láti inú àdàpọ̀ tí ó ní iye òsì kan náà. Fún ìdí èyí, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan ṣe òṣùwọ̀n èkejì. Bí hóró méjèèjì bá wà nínú yàrá oògùn kan náà, kí a tò wọ́n sí pẹpẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ka ìwé tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wá kí a tó wọn oògùn fún ọmọ.

Àwọn oògùn mìíràn tí ó ní ọ̀tún àti òsì

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ni jù wà nínú oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí. Norgestrel jẹ́ àdàpọ̀ ìdajì-ìdajì, òsì rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Òsì náà ni levonorgestrel. Nítorí náà, hóró tí a kọ norgestrel míligíráàmù 0.3 sí lára àti èyí tí a kọ levonorgestrel 0.15 sí lára ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Obìnrin tí a bá pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì fún lè rò pé a ti dín oògùn òun kù sí ìdajì. Ó tọ́ kí a ṣàlàyé fún un. Níbí, ìṣirò ìdajì bá a mu. Nínú praziquantel, kò bá a mu. Oògùn kọ̀ọ̀kan ni a ní láti wádìí lọ́tọ̀.

Levofloxacin ni ẹ̀dà òsì tí a yà kúrò nínú ofloxacin. Ibuprofen ní tirẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀, ẹ̀dà kan ni ó ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ máa ń sọ púpọ̀ nínú èkejì di èyí tí ó wúlò, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ di dandan pé kí a yà á. Ethambutol tí a fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní kábọ́ọ̀nù méjì tí ó ní ọ̀tún òun òsì. Ẹ̀dà kan ni ó lágbára sí kòkòrò ikọ́ náà, òun nìkan ni a sì ń pèsè, nípa yíya ohun tí a fi ń ṣe é pẹ̀lú ásíìdì wáìnì kan náà. Yíyà náà dín iye oògùn tí aláìsàn ń gbé mì kù, kò mú ewu ojú kúrò pátápátá: kí ẹni tí ó bá ń lo ethambutol sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera lọ́gán bí ojú rẹ̀ bá ṣú tàbí tí kò lè fi pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé mọ́.

Ọ̀rọ̀ thalidomide ni ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì ní 1957 fún àìrí oorun sùn àti fún èébì aboyún. Ó ju ọmọ 10,000 lọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù apá, ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara mìíràn kí ọ̀rọ̀ náà tó yé àwọn dókítà, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1961. A sábà máa ń sọ pé ẹ̀dà kan nínú rẹ̀ ni ó ṣe ìbàjẹ́, pé bí wọ́n bá ti lo èkejì nìkan ni, kò bá má sí ewu. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ara ènìyàn, ẹ̀dà méjèèjì thalidomide ń yí padà di ara wọn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan mì ti gbé méjèèjì mì. Oògùn náà ṣì wà lónìí fún ìṣòro kan tí ó ń bá ẹ̀tẹ̀ rìn àti fún oríṣi jẹjẹrẹ kan, obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó lè lóyún kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìsí ìlànà tí ó le koko.

Nígbà tí ọmọ bá dé ilé ìwòsàn

Kí a fún ẹni tí yóò lo praziquantel ní oúnjẹ kí ó tó lò ó. Kí àgbàlagbà àti ọmọ tí ó lè gbé hóró mì fi omi púpọ̀ gbé e mì láìrún un, nítorí kíkorò rẹ̀ a máa fa èébì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ọmọ nímú tàbí kí ó fi ipá ki oògùn sí i lẹ́nu. Hóró lè há sí ọmọ lọ́fun. Ó sàn kí a dúró títí ẹkún rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀.

Orí fífọ́, òòyì, inú rírun àti èébì lè wáyé láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń lọ fúnra wọn. Kí ẹni tí ó ń lo rifampicin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ sọ ọ́ ṣáájú, nítorí pé rifampicin kì í jẹ́ kí praziquantel pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà á níyànjú pé, ní àwọn agbègbè tí àrùn náà ti gbilẹ̀, kí a fún gbogbo ènìyàn láti ọmọ ọdún méjì lọ sókè ní praziquantel lọ́dọọdún, títí kan ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú àti aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́ta.

Bí ìyá bá béèrè ìdí tí ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ fi tún ń lẹ́jẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, ohun méjì ni a lè sọ fún un. Aràn tí ó ti dàgbà ni oògùn yìí ń pa. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara lè yè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tún ni o, òsì ni o. Èkejì, bí ọmọ náà bá padà sínú omi kan náà, aràn tuntun á tún wọlé. Nítorí náà, kí a bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, kí a kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ náà, kí a sì dá ọjọ́ tí yóò tún gbé e wá fún àyẹ̀wò ìtọ̀.